Ìwé Tó Tú Wọn Sílẹ̀, Tó Tún Dè Wọ́n

Ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Freetown, olú ìlú Sàró, àwọn ìwé ńláńlá kan wà tí wọ́n ti ju igba ọdún lọ. Nọ́ńbà ló ṣáájú lójú ewé wọn, lẹ́yìn náà orúkọ, ọjọ́ orí, gíga àti àmì ara. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú lójú òkun ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Òfin ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 1807 ló bí ìwé wọ̀nyí. Ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ka òwò ẹrú léèwọ̀, wọ́n fi owó ìtanràn pọ́n-ùn 100 lé orí ẹrú kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ṣèlérí ẹ̀bùn fún àwọn atukọ̀ ogun: pọ́n-ùn 40 lórí ọkùnrin, 30 lórí obìnrin, 10 lórí ọmọ tí kò ju ọdún 14 lọ. Owó yìí kò lè jáde láìka orí.

Abala kan nínú òfin náà korò. Ó ní ọba lè sọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ di ọmọ ogun, tàbí kí wọ́n fi wọ́n sọ́dọ̀ ọ̀gá bí ọmọṣẹ́ fún iye ọdún tó lè tó 14. Nílẹ̀ Yorùbá, ìwọ̀fà mọ gbèsè tó gbé e dé oko olówó. Ọjọ́ tí ẹbí rẹ̀ bá san án, ó di ilé. Gbèsè ta ni àwọn wọ̀nyí jẹ? Gómìnà Thomas Perronet Thompson, tó dé Freetown ní 1808, kò fi bò: ó ní ẹrú ni wọ́n ṣì ń fi wọ́n ṣe. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè é padà sílé.

Láti 1841, wọ́n tún ń fi ìwé àdéhùn iṣẹ́ kó àwọn kan lára wọn lọ sí Jàmáíkà, Trinidad àti Guyana.

Yorùbá pọ̀ gan-an nínú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ wọ̀nyí. Ìkíni "ẹ kú" tí kì í wọ́n lẹ́nu wọn ló mú kí àwọn ará Sàró máa pè wọ́n ní Àkú. Àjàyí ọmọ Òṣóògùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, wà nínú ọkọ̀ Esperanza Felix nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mú un ní oṣù Kẹrin 1822. Ọmọ yìí ló di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ní 1864.

Bí orúkọ bá ṣe dún létí akọ̀wé àwọn ìwé náà ló ṣe ń kọ ọ́. Tó bá rí ilà lójú, ojú ọgbẹ́ lásán ló jọ lójú rẹ̀; bẹ́ẹ̀ àbàjà tàbí pélé lè tọ́ka sí ilé ẹni. Lóde òní, àwọn onímọ̀ ti kó orúkọ èèyàn 91,491 jọ láti inú ìwé Freetown àti ti Havana ní Kúbà, wọ́n sì ti ké sí àwọn tó gbọ́ èdè ilẹ̀ Áfíríkà pé kí wọ́n tẹ́tí sí orúkọ wọ̀nyí, kí wọ́n sọ ibi tó ti wá. Akọ̀wé ayé ọjọ́un kò lè mọ̀ pé Àjàyí dojú bolẹ̀ wáyé, tàbí pé Òjó gbé ìwọ́ kọ́rùn wá. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ọ lónìí mọ̀ ọ́n.