Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu: Ẹgbẹ́ Tí Ìjà Kò Tú Ká

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú mọ́tò tó ń lọ sí Ìbàdàn, tí ẹ ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ etí, a kí yín. Ẹ̀yin tí dátà yín kò tó láti gbọ́ ètò yìí, tí ẹ wá ń kà á báyìí, ẹ̀yin náà, ẹ kú ìkàlẹ̀. Láti ìlú Ìwó, ìlú odídẹrẹ́, la ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Bí a bá gbọ́ pé ẹgbẹ́ olórin kan tú ká, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu wa ni pé, ta ló ba ta jà? Ta ló jowú ta? Ta ló kó owó jẹ? Bí ó bá wá jẹ́ pé obìnrin ni wọ́n, kíá la ti máa ń sọ pé obìnrin méjì kò lè ṣe é pọ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin méjì yìí kò bá ara wọn jà tú ẹgbẹ́ ká. Síbẹ̀, orin náà dákẹ́. Kí ló wá dá a dúró?

Orúkọ wọn ni Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu. The Lijadu Sisters ni gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí. Ìlú Jos ni wọ́n bí wọn sí, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá, ọdún 1948. Ìbejì tó jọra bí ìmumu ni wọ́n. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń kà á nílẹ̀ Yorùbá: Táíwò ló kọ́kọ́ jáde wá tọ́ ayé wò, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé tó rán an níṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n. Ìbátan Fela Kútì ni wọ́n, nítorí náà orin kì í ṣe ohun àjèjì nínú ẹbí. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n ti ń wọ sítúdíò Decca ní Èkó, wọ́n ń bá àwọn olórin mìíràn gberin, wọ́n sì ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré tiwọn, "Iya Mi Jowo".

Ẹ jẹ́ ká wo bí Èkó ṣe rí nígbà náà. Ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Kí ọdún náà tó tán, James Brown ti dé Nàìjíríà wá ṣeré. Àwọn ọ̀dọ́ rí i, orí wọn sì wú. Orin tó gbé wá ni wọ́n ń pè ní funk. Nínú funk, kì í ṣe ohùn dídùn ló ṣáájú. Ìlù àti gìtá báàsì ló ṣáájú, gbogbo ohun èlò yòókù ló sì ń ṣe bí ìlù: gìtá ń kan, fèrè ń kan, àní ẹnu olórin náà ń kan. Ta ni kò mọ ìyẹn nínú wa? Ẹni tí a fi bàtá àti dùndún tọ́ dàgbà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Àsìkò yẹn náà ni Ginger Baker, gbajúmọ̀ onílù òyìnbó láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá tẹ̀dó sí Èkó. Ó kọ́ sítúdíò kan sí Ìkẹjà, ó sì kó àwọn ọmọ Nàìjíríà jọ sínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Salt. Berkley Jones àti Laolu Akins, tí wọ́n wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ BLO sílẹ̀ lẹ́yìn náà, wà níbẹ̀. Àwọn ìbejì Lijadu náà bá wọn kọrin. Ní ọdún 1972, nígbà ìdíje Òlíńpíìkì ní Munich, nílẹ̀ Jámánì, wọ́n wà lára àwọn tó ṣeré níbẹ̀. Wọn kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún.

Ẹ má gbàgbé ohun kan. Kì í ṣe pé kò sí obìnrin tó ń kọrin nílẹ̀ Yorùbá. Bàtílì Àlàkẹ́ ti sọ wákà di ohun tí wọ́n ń ṣe sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ṣáájú wọn, Salawa Abẹ̀ní náà sì gbé àwo tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1976. Ṣùgbọ́n nínú orin onígìtá, orin ilé ijó alẹ́ àti ti àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá, ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń fi obìnrin sí. Obìnrin ló ń gberin, obìnrin ló ń jó, ọkùnrin ló di màíkì mú. Àwọn ìbejì yìí kọ ìyẹn. Àwọn fúnra wọn ló ń kọ orin wọn, àwọn ló ń dúró níwájú.

Láàárín ọdún mẹ́rin, wọ́n gbé àwo mẹ́rin jáde lábẹ́ Afrodisia, orúkọ tí Decca fi ń gbé àwo jáde níbí: Danger ní 1976, Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978, Horizon Unlimited ní 1979. Àwo kan lọ́dún kan! Ọ̀gbẹ́ni Biddy Wright, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ oríṣiríṣi ohun èlò, ló bá wọn to orin náà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó mú wọn yàtọ̀, ẹ ṣí orin "Danger" lórí fóònù yín lẹ́yìn ètò yìí. Ẹ tẹ́tí sí ohùn méjèèjì. Nígbà mìíràn wọn yóò kọ ọ́ pọ̀ bí ohùn ẹnì kan, ẹ kò ní mọ èwo ni Táíwò, ẹ kò ní mọ èwo ni Kẹ́hìndé. Lójijì, ohùn náà á là sí méjì, ọ̀kan á gba òkè, èkejì á gba ìsàlẹ̀, wọ́n á tún padà pàdé. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn fi oṣù mẹ́ta kọ́ nínú sítúdíò nìyẹn. Àwọn tó jọ ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ló lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ inú orin wọn pẹ̀lú kì í ṣe ti ìfẹ́ nìkan. Owó epo ń ṣàn nígbà náà. Nígbà tí owó Udoji dé ní 1975, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ló sáré lọ ra rédíò àti ẹ̀rọ tó ń lu rẹ́kọ́ọ̀dù. Láàárín gbogbo fàájì yẹn, àwọn ọmọbìnrin méjì yìí ń kọ orin bíi "Cashing In" àti "Life's Gone Down Low", wọ́n ń bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ń kó owó ìlú jẹ. Wọ́n ń kọ ti Yorùbá náà. Nínú Horizon Unlimited, orin kan wà tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ "Orere-Elejigbo". Àwa ará Ìwó, bí a bá ti gbọ́ Ẹléjìgbò báyìí, ojú ọ̀nà Èjìgbò lọ́kàn wa máa ń lọ.

Ní 1979, Jeremy Marre, òyìnbó tó ń ya fíìmù, wá sí Nàìjíríà láti ya ìtàn orin wa. Konkombé ni orúkọ fíìmù náà, àwọn ìbejì Lijadu sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀gá bíi Fela àti Sunny Adé. Ẹni tó bá wò ó yóò rò pé ọ̀nà wọn ti là tán.

Àmọ́ ibí yìí gan-an ni ìbéèrè wa bẹ̀rẹ̀. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n ti dàgbà, àwọn ìbejì náà sọ ọ́ láìfi bò pé owó tó yẹ kó wọlé fún àwọn lórí àwọn àwo yìí kò wọlé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀, nítorí ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù gba orin sílẹ̀ ní yàrá yín.

Ẹ̀tọ́ méjì ló wà nínú orin kan. Àkọ́kọ́ ni ti orin fúnra rẹ̀: ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ohùn tí a fi kọ ọ́. Ẹni tó kọ ọ́ ló ni ìyẹn. Èkejì ni ti ohun tí a gbà sílẹ̀ ní sítúdíò, tápù àkọ́kọ́ tí gbogbo ẹ̀dà yòókù ti jáde. Láyé ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ tó sanwó sítúdíò ló sábà máa ń ni ìyẹn. Ẹni tí tápù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń mọ iye àwo tí wọ́n tẹ̀, òun ló ń mọ iye tó tà, òun náà ló ń sọ fún olórin pé iye báyìí ni tìrẹ. Bí olórin kò bá ní ìwé tó lè fi yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí wọ́n bá sọ labẹ gé.

Ṣé òfin kò sí ni? Ó wà. Ìjọba ológun ti ṣe òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ní 1970. Ṣùgbọ́n òfin láìsí ọlọ́pàá, bí ilé láìsí ilẹ̀kùn ni. Ọdún 1988 ni wọ́n tó ṣe òfin tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún 1989 sì ni wọ́n tó dá àjọ tó ń mójú tó o sílẹ̀. Ọdún mẹ́wàá gbáko lẹ́yìn Horizon Unlimited! Àwọn ìbejì náà ti kọrin tán kí ìrànlọ́wọ́ tó jí lójú oorun.

Kí àjọ náà tó dé, ọrọ̀ ajé ti dojú rú. Owó epo já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. SAP dé ní 1986, náírà di yẹpẹrẹ. Ohun èlò tí wọ́n fi ń tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù wọ́n gógó. Kásẹ́ẹ̀tì gbòde, àwọn tó ń ṣe àdàkọ sì rí ọ̀nà ńlá: ẹ̀rọ méjì àti kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kan, ó ti parí. Ẹgbẹ́ funk tó lókìkí lánàá di ohun tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní "ìgbà kan rí". Ní 1984, ilé-iṣẹ́ Shanachie gbé àwo wọn kan jáde ní Amẹ́ríkà, Double Trouble ni wọ́n pè é. Nígbà tó yá, àwọn ìbejì náà fi Nàìjíríà sílẹ̀, wọ́n sì fi Brooklyn, ní New York, ṣe ilé.

Lọ́dún 1996, Kẹ́hìndé ṣubú láti orí àtẹ̀gùn, ó fi ọ̀pá ẹ̀yìn ṣèṣe gidigidi. Láti ọjọ́ náà, eré orí ìtàgé dúró. Táíwò gbé màíkì sílẹ̀, ó ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbí. The Supremes, ẹgbẹ́ obìnrin tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà nígbà ayé wọn, pàdánù Florence Ballard ní 1967, Cindy Birdsong bọ́ sí ààyè rẹ̀. Diana Ross náà lọ ní 1970, Jean Terrell rọ́pò rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ń bá iṣẹ́ lọ. Ta ni ìwọ yóò pè wá rọ́pò Kẹ́hìndé? Níbo lo ti fẹ́ rí ẹlẹ́ẹ̀kejì ohùn Táíwò? Ohun tó sọ wọ́n di ọ̀kan ṣoṣo láyé ló fà á tí kò fi sí ẹlòmíràn tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹni tí kò lè ṣeré mọ́, owó àwo tó ti ṣe sẹ́yìn ló yẹ kó máa bọ́ ọ. Nígbà tí ìyẹn kò bá wọlé, ìṣubú kan ṣoṣo ti tó láti pa orin lẹ́nu mọ́.

Ayé kò gbàgbé wọn ṣá. Láàárín 2011 sí 2012, ilé-iṣẹ́ Knitting Factory tún àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé jáde, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí ní 1979 bẹ̀rẹ̀ sí í jó sí wọn. Ní 2014, àwọn méjèèjì tún gun orí ìtàgé ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe eré orin William Onyeabor. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 2019, Kẹ́hìndé di olóògbé. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Àwa ọmọ ìlú odídẹrẹ́ máa ń gbàdúrà pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Àdúrà yẹn kò ṣẹ fún un. Ní 2024, Numero Group tún Horizon Unlimited gbé jáde, Táíwò nìkan ló kù tó rí i.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé obìnrin méjì kò lè ṣe é pọ̀, ẹ sọ ìtàn yìí fún un. Àwọn wọ̀nyí ṣe é pọ̀ títí ikú fi yà wọ́n. Ohun tó já ni okùn tó yẹ kó so orin wọn mọ́ àpò wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọrin ní Ìwó, ní Òṣogbo, ní Èkó, òfin tiwa lónìí dára ju ti ìgbà náà lọ. Ààrẹ buwọ́ lu tuntun ní oṣù kẹta ọdún 2023. Òfin sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè gba ẹ̀tọ́ orin yín pátápátá láìsí ìwé tí ẹ fọwọ́ sí. Ìyẹn ni pé ìwé náà ló lè gbà yín, òun náà ló sì lè tà yín. Ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè: tápù yìí, ta ló ni ín? Ẹni tó ṣe bíìtì, èló ni tirẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín pọ̀. Ọ̀rẹ́ kì í bàjẹ́ nítorí ìwé. Àìsí ìwé ló ń bà á jẹ́.

Ẹ lọ gbọ́ Danger lónìí. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ sọ fún wa orin tó dùn mọ́ yín jù. Títí a ó fi tún pàdé, ire o.