Ìbọn ìléwọ́ onísìlíńdà méjì

Ìbọn ìléwọ́ onísìlíńdà méjì jẹ́ irú ìbọn ìléwọ́ oníyípo kan tí a lè yọ sìlíńdà rẹ̀ kúrò, kí a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kí ìbọn kan ṣoṣo lè máa lo oríṣi ọta méjì. Sìlíńdà ni irin róbótó tí ń yípo láàárín ara ìbọn. Inú rẹ̀ ni àwọn ihò tí a ń ki ọta sí wà, mẹ́fà ni wọ́n sì sábà máa ń jẹ́. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú irú ìbọn yìí ni ti ọta .22 LR àti .22 WMR. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé pípààrọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́, sìlíńdà tí a ṣe fún ìbọn kan kì í ṣe ti gbogbo ìbọn. Òfin Nàìjíríà sì ka ẹ̀yà ìbọn bẹ́ẹ̀ sí ìbọn.

Ọta tí ń gbiná létí

Nínú irú ọta yìí, èròjà tí ń ṣáná wà nínú ìṣẹ́po etí ìdí ago idẹ tí ó gbé ẹ̀tù àti òjé dání. Bí òòlù ìbọn bá gbá etí náà, èròjà yìí á ṣáná, ẹ̀tù á gbiná, òjé á sì gba inú ọ̀pá ìbọn jáde.

Ilé-iṣẹ́ J. Stevens ní Amẹ́ríkà ni ó gbé .22 LR jáde ní ọdún 1887, Winchester gbé.22 WMR jáde ní ọdún 1959. Ago .22 LR gùn tó mìlímítà 15.6, ó sì fẹ̀ tó 5.7, ti.22 WMR gùn tó 26.8, ó sì fẹ̀ tó 6.1. Òjé .22 LR àti ago rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n inú ago ni ìdí òjé .22 WMR wọ̀ sí. Ìdí nìyí tí ago kejì fi fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí òjé àwọn méjèèjì tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ìtàn

Ní ọdún 1855, Rollin White gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí sìlíńdà tí a lu ihò rẹ̀ já láti iwájú dé ẹ̀yìn. Smith & Wesson lo ẹ̀tọ́ yìí láti ṣe ìbọn wọn àkọ́kọ́ ní ọdún 1857. Ní ọdún 1868, Remington bẹ̀rẹ̀ sí í fi sìlíńdà oníhò márùn-ún fún ọta .46 tí ń gbiná létí rọ́pò èyí tí ó wà nínú àwọn ìbọn rẹ̀ àtijọ́, ó sì ń san owó ẹ̀tọ́ fún Smith & Wesson. Ruger gbé Single-Six jáde ní ọdún 1953 fún ọta .22 LR, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni ó ti ń tà á pẹ̀lú sìlíńdà méjì.

Bí sìlíńdà ṣe ń bá ìbọn mu

Irin kékeré kan ń ti sìlíńdà yípo, òmíràn sì ń dá a dúró nígbà tí ihò kan bá kọjú sí ọ̀pá ìbọn gan-an. Bí ihò náà bá yẹ̀ díẹ̀, òjé á ha ara mọ́ ẹnu ọ̀pá, èérún rẹ̀ á sì fọ́n sí ẹ̀gbẹ́. Àlàfo iwájú àti ẹ̀yìn sìlíńdà náà gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n. Nítorí èyí, inú ìbọn kan náà ni ilé-iṣẹ́ ti ń dán sìlíńdà méjèèjì wò, wọ́n sì ń fín díẹ̀ nínú nọ́ḿbà ìbọn náà sára èyí tí ó jẹ́ àfikún.

Ewu

Ọta .22 LR wọ inú ihò .22 WMR, ṣùgbọ́n kò kún un. Bí a bá yìn ín, ago idẹ náà lè wú kí ó sì bẹ́, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná sì fọ́n padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mú ìbọn. Ọta .22 WMR kò lè wọ inú ihò .22 LR tán. Ẹni tí ó bá lu ihò náà fẹ̀ kí ó lè gbà á ti ba sìlíńdà náà jẹ́.

Òfin ní Nàìjíríà

Òfin Ìbọn ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìbọn ìléwọ́ oníyípo wà ní ìpín kìíní, èyí tí í ṣe ti àwọn tí a kà léèwọ̀. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni ó lè fúnni ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ṣakabùlà àwọn ọdẹ wà ní ìpín kẹta, ọ̀nà ọ̀tọ̀ sì ni a fi ń gba àṣẹ tirẹ̀. Nínú ìtumọ̀ tí òfin yìí fún ìbọn, gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Nítorí náà, sìlíńdà tí ó dá wà nínú àpò kì í ṣe irin lásán lójú òfin.

Òfin kan náà kà á léèwọ̀ láti ṣe irú ìbọn bẹ́ẹ̀, láti tò ó pọ̀ tàbí láti tún un ṣe níbòmíràn yàtọ̀ sí ilé ìbọn ìjọba. Alágbẹ̀dẹ tàbí ẹni tí ń gbẹ́ irin lórí ẹ̀rọ ní Òkè-Odò, ní Alimosho, tí ó bá gba irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ oníbàárà ti wọ inú ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ kò dín ní ẹ̀wọ̀n ọdún 10, ìbáà jẹ́ pé kò yin ọta kan ṣoṣo.