Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́: Láti Orí Àléfà sí Ìdí Ìwé
Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n, bíi Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ti Yunifásítì Èkó, ni ó ti ìdí ìwé bọ́ sí òṣèlú. Òdìkejì ọ̀nà náà ni Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tọ̀. Lọ́dún 1979, ó gbé ìjọba ológun fún alágbádá, ó sì lọ dáko sí Ọ̀tà, ìlú Àwórì tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí lónìí. Ó tún di Ààrẹ lọ́dún 1999. Lọ́dún 2006, àbá tí ì bá fún un ní sáà kẹta forí ṣánpọ́n nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Lẹ́yìn ìjọba, ó tẹra mọ́ ẹ̀kọ́ ní NOUN, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀sìn Kristẹni lọ́dún 2018, ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Òfin fi òpin sí sáà ìjọba. Kò fi òpin sí ìwé kíkà.