Owó Gbà-máà-bínú Àwọn Ológun Aláàbọ̀ Ara Lẹ́yìn Ogun Port Harcourt

Nígbà tí ẹ̀ka ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Third Marine Commando, lábẹ́ ọ̀gágun Benjamin Adékúnlé, gba Port Harcourt lọ́wọ́ Bìáfíírà, ìhà tó yapa kúrò lára Nàìjíríà, ní oṣù Èbìbí ọdún 1968, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ìhà méjèèjì ló pàdánù apá, ẹsẹ̀ tàbí ojú nínú ìjà náà. Ọgbẹ́ wọn jọra, ṣùgbọ́n owó tó tẹ̀ lé e kò jọra rárá, nítorí pé ìjọba tó gba ológun síṣẹ́ ló pinnu ohun tí yóò kàn án, kì í ṣe bí ọgbẹ́ ti jinlẹ̀ tó.

Owó gbà-máà-bínú yàtọ̀ sí owó ìfẹ̀yìntì. Iye ọdún tí ènìyàn fi sìn ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì, àmọ́ ti aláàbọ̀ ara dúró lórí ohun tí ìgbìmọ̀ oníṣègùn bá sọ nípa ìwọ̀n àbùkù ara rẹ̀, tí ẹ̀rí sì gbọ́dọ̀ wà pé ẹnu iṣẹ́ ni ó ti bá a. Òfin 103 ti ọdún 1979 ló wá ṣètò owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun.

Nígbà tí ogun parí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1970, Yakubu Gowon, olórí ìjọba àpapọ̀, kéde pé kò sí ẹni tó borí, kò sí ẹni tí wọ́n borí. Ìwé ìsanwó kò gbọ́ ìkéde yẹn. Nínú àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ ológun Nàìjíríà kí wọ́n tó jà fún Bìáfíírà, ọ̀pọ̀ ni wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì di ọdún 2000 kí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ẹni tó gba ipò Adékúnlé lójú ogun ní 1969, tó sọ ìlékúrò náà di ìfẹ̀yìntì. Àwọn wọ̀nyí tilẹ̀ ṣoríire. Àwọn ọ̀dọ́ tí Bìáfíírà fúnra rẹ̀ kó sójú ogun kò ní orúkọ nínú ìwé Nàìjíríà kankan: ìjọba tó rán wọn níṣẹ́ ti kógbá sílé, ìjọba tó kù kò sì gbà pé òun jẹ wọ́n ní gbèsè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yarọ fi Oji River, nítòsí Enugu, ṣe ibùgbé, wọ́n sì máa ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ lẹ́bàá títì nígbà náà láti tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn èrò ọkọ̀.

Àwọn tó kú ní ìrántí tiwọn: ní Port Harcourt, Isaac Boro Park, tí wọ́n fi sọrí ọmọ Ijaw tó kú lójú ogun ní 1968 nígbà tó ń jà fún ìjọba àpapọ̀, ni wọ́n ti ń gbé òdòdó lélẹ̀ fún àwọn ológun tó kú, ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ lọ́dọọdún. Ọjọ́ náà ní 1970 ni Bìáfíírà túúbá.