Ọ̀kẹ́ kan: àpò owó ẹyọ tó di nọ́ńbà

Owó ẹyọ la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, àti nọ́ńbà kan tó bá a rìn: 20,000.

Láìpẹ́ yìí, a bi àwọn ọmọ kíláàsì wa pé kí ni 20,000 ń jẹ́ ní Yorùbá. «Vingt mille» nìkan ló jáde lẹ́nu wọn. A ò lè bá wọn wí. Faransé ni wọ́n fi kọ́ àwa náà ní ìṣirò, a sì ti lé lógójì ọdún kí a tó mọ̀ pé ọ̀kẹ́ kan tí àwọn àgbà ń dárúkọ, àpò gidi ni.

Láyé owó ẹyọ, ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ 2,000, ìyẹn ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ló ń wọ inú àpò kan, àpò náà sì ni ọ̀kẹ́: 20,000 ẹyọ. Èyí tí wọn ò bá sín, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń fà á kúrò nínú òkìtì títí yóò fi di ogún. Ogún márùn-ún á di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì á di igba. Míṣọ́nnárì kan, Adolphus Mann, tẹ àpèjúwe ìkà yìí jáde ní 1887.

Ẹ wá wo nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Bí a bá tú 20,000 palẹ̀, 2 márùn-ún àti 5 mẹ́rin la ó bá níbẹ̀: 2×2×2×2×2×5×5×5×5. Kò sí òmíràn. Nítorí náà, nọ́ńbà 30 ló lè pín in láìṣẹ́kù: 2, 4, 5, 8, 10, 16, 20, 25, 40, 50, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ó rọ oníṣòwò lọ́rùn. Àmọ́ ẹni mẹ́ta ò lè pín in dọ́gba: kálukú á mú 6,666, ẹyọ méjì á ṣẹ́ kù nílẹ̀. (Kí ọmọ ìyá mẹ́ta má ṣe tìtorí ẹyọ méjì jà o!) Ọ̀kẹ́ méjì ńkọ́? 40,000, igba lọ́nà igba gan-an ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìkà wa ṣòro ju ti Faransé lọ. «Quatre-vingts» àti ọgọ́rin, ọ̀kan náà ni: ogún mẹ́rin. Orí 90 ni ọ̀nà ti pín: Faransé fi mẹ́wàá kún 80, àwa yọ mẹ́wàá kúrò nínú 100.

Láti Maldives, nínú Òkun Íńdíà, ni wọ́n ti ń kó owó ẹyọ wá sí Ouidah tipẹ́. Ní nǹkan bíi 1845, àwọn oníṣòwò Hamburg ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí kó òmíràn wá láti Zanzibar, tó tóbi, tó sì wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó pọ̀ débi pé owó ẹyọ di yẹpẹrẹ. 20,000 ò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí àpò kan lè rà dínkù, ẹrù orí alárù sì wúwo sí i.

Mílíọ̀nù kan, 1,000 lọ́nà 1,000, àádọ́ta ọ̀kẹ́ là ń pè é. A sọ ọ́ fún àwọn ọmọ náà pé àádọ́ta àpò ni. Ọ̀kan nínú wọn ní: «Mùsíé, ta ló máa rù ú?»