Káàdì Tí Wọ́n Dà Sínú Òkun

Sìgá ló bí káàdì eléré ìdárayá. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, inú páàkì bébà rírọ̀ ni wọ́n ń di sìgá sí ní Amẹ́ríkà, ó sì máa ń tẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Allen & Ginter wá ń ki páálí pẹlẹbẹ kan bọ̀ ọ́ kó lè dúró. Kí páálí náà má baà wà lásán, wọ́n ń tẹ àwòrán sí i: ẹyẹ, àsíá, ọ̀gágun, àti àwọn tó ń gbá béésìbọ́ọ̀lù. Bàbá a mu sìgá, ọmọ a gba àwòrán.

Honus Wagner, agbábéésìbọ́ọ̀lù kan, wà lára àwọn tí American Tobacco Company tẹ àwòrán wọn láàárín 1909 sí 1911, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Àwọn kan ní kò fẹ́ kí ọmọdé torí òun ra sìgá, àwọn mìíràn ní owó ló fà á. Díẹ̀ ló ti jáde kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Ní 2022, ẹyọ kan nínú díẹ̀ yẹn tà ní mílíọ̀nù 7.25 dọ́là.

Nígbà tó yá, ṣingọ́ọ̀mù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ sìgá. Ilé iṣẹ́ Goudey ṣe tirẹ̀ ní 1933, ṣùgbọ́n Topps ti Brooklyn ló fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ ní 1952. Sy Berger, òṣìṣẹ́ wọn, ló jókòó ti tábìlì nílé rẹ̀ tó ṣètò ẹ̀: àwòrán aláràbarà níwájú, ìtàn eléré àti àkọsílẹ̀ bó ṣe gbá a lẹ́yìn. Káàdì 407 ni gbogbo rẹ̀. Apá ìkẹyìn, níbi tí káàdì Mickey Mantle, gbajúmọ̀ agbábéésìbọ́ọ̀lù, wà, pẹ́ dé ọjà. Àsìkò béésìbọ́ọ̀lù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ọmọ kò rà á mọ́. Ó wà ní ilé ìkẹ́rùsí títí di 1960, tí Berger fi ní kí wọ́n kó páálí rẹpẹtẹ sórí ọkọ̀ ojú omi, kí wọ́n lọ dà á sínú òkun Atlantic.

Ohun tí òkun kò gbé mì, àwọn ìyá kó o dànù. Ọmọ á lọ sí ológun tàbí yunifásítì, wọ́n á gbá yàrá rẹ̀. Àwọn ọmọ fúnra wọn ti há òmíràn mọ́ sípóòkù kẹ̀kẹ́ kó lè máa dún bí alùpùpù. Ní tèmi, ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń sọ káàdì di olówó ńlá. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó ní in kò kà á sí nǹkan kan. Mantle ti 1952 kan tó wà ní mímọ́ tà ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là ní 2022.

Ní ọdún 2012, àwọn ẹbí kan ń palẹ̀ ilé bàbá àgbà wọn mọ́ ní Defiance, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Lókè àjà, lábẹ́ ilé bèbí onígi kan, wọ́n rí páálí tí èéfín ti sọ di dúdú. Káàdì bí 700 ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi okùn dì ní ìdì-ìdì. Nǹkan bí 1910 ni wọ́n ti tẹ̀ wọ́n, etí wọn ṣì mú ṣáṣá.

Ìròyìn owó ló ba ti ìgbà tiwa jẹ́. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1980 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, gbogbo èèyàn ń tọ́jú káàdì, àwọn ilé iṣẹ́ sì ń tẹ̀ ẹ́ bíi bébà ìròyìn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò tó owó páálí tí wọ́n kó o sí.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1986, ilé iṣẹ́ Fleer tẹ káàdì básíkẹ́ẹ̀tì 132. Gbogbo ayé ń wá ti Michael Jordan níbẹ̀. Káàdì kejìlélọ́gọ́rin sì jẹ́ ti Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó tí ẹgbẹ́ Houston kọ́kọ́ mú ṣáájú gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1984. “Akeem” ni wọ́n kọ sí i, nítorí kò tíì fi H ṣáájú orúkọ náà nígbà yẹn.

Ẹ̀yin òbí tó wà ní Amẹ́ríkà, bí ọmọ yín bá fi páálí àtijọ́ sílẹ̀ nílé, ẹ má fi aṣọ tútù nù ún, ẹ má fi rọ́bà dì í, nítorí rọ́bà máa ń jẹ etí káàdì. Ẹ pe ọmọ náà lórí fóònù kí ẹ tó kó o síta.