Ojú Ọ̀run Etíkun Àgbádárìgì

Bí a bá dárúkọ Àgbádárìgì láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́, ohun mẹ́ta ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn: òwò ẹrú, iṣẹ́ ìhìnrere, àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. A ti kà nípa àwọn tí a kó gba Gbẹrẹfu kọjá lọ sínú ọkọ̀ òkun tí kò dá wọn padà mọ́. A ti kà nípa Thomas Birch Freeman tí ó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1842, àti nípa ilé alájà tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ní 1845. Ìtàn ilẹ̀ àti ìtàn omi ni gbogbo èyí. Ojú ọ̀run tí ó bo ìlú náà kò tíì rí òpìtàn, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí ọkọ̀ òfurufú ti ń gba etíkun náà kọjá. Díẹ̀ nínú ìtàn ojú ọ̀run yìí ni mo fẹ́ sọ, pàápàá jù lọ bí àwọn tí ń fò ti ń mọ ibi tí wọ́n wà, bí wọ́n ti ga tó, àti ẹni tí ó wà nítòsí wọn.

Ẹni tí ó bá wo máàpù yóò rí i pé láti ẹnu odò Volta títí dé Èkó, etí òkun lọ gbọọrọ bí okùn tí a nà. Iyanrìn wà létí omi, ọ̀sà wà lẹ́yìn iyanrìn, ilẹ̀ gidi wà lẹ́yìn ọ̀sà. Awakọ̀ òfurufú tí ó ń bọ̀ láti Àkárà yóò fi òkun sí ọwọ́ ọ̀tún, yóò fi ọ̀sà sí ọwọ́ òsì, kò sì lè ṣìnà bí ó bá ń rí ilẹ̀. Nínú "bí" yẹn ni gbogbo ìṣòro wà. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku a bo ohun gbogbo. Ní ìgbà òjò, ìkùukùu a sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí àgbọn.

Ní 1940, nígbà tí Ítálì wọ ogun tí ilẹ̀ Faransé sì ṣubú, Òkun Mẹditaréníà di ọ̀nà eléwu fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń wá ọkọ̀ òfurufú ogun ní Íjíbítì lójú méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí bí wọ́n ti lè kó o gba ibẹ̀ kọjá ní ìrọ̀rùn. Wọ́n bá tú ọkọ̀ náà palẹ̀, wọ́n dì í sínú àpótí, wọ́n fi ọkọ̀ òkun kó o wá sí Takoradi ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òní. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tò ó pọ̀, tí àwọn awakọ̀ sì ń fò ó wá sí Èkó, láti Èkó sí Kánò, sí Máídúgùrì, la ilẹ̀ Sùdáàn já, títí dé Káírò. Bí máìlì 3,700 ni ọ̀nà náà. Abala rẹ̀ àkọ́kọ́, láti Takoradi sí Èkó, jẹ́ bí máìlì 380, kò sì jìnnà sí etíkun wa yìí.

Ẹ wo bí àwọn àkọ́kọ́ ti lọ nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Blenheim kan ni ó ṣíwájú, Hurricane mẹ́fà sì tẹ̀lé e. Ènìyàn mẹ́ta ni Blenheim ń gbé: ẹni tí ń wà á, ẹni tí ń ka máàpù, àti ẹni tí ń ṣe rédíò. Ẹnì kan ṣoṣo ni Hurricane ń gbà. Òun ni ó ń wa ọkọ̀, òun ni ó ń wo aago epo, òun náà ni ó ń wo kọ́ńpáàsì. Nítorí náà iṣẹ́ tí a yàn fún un rọrùn láti sọ, ó sì ṣòro láti ṣe: kí ó má jẹ́ kí olórí bọ́ mọ́ òun lójú. Bí ó bá wo aago pẹ́ jù, olórí lè wọ inú ìkùukùu lọ. Bí ó bá tẹjú mọ́ olórí jù, epo lè tán láìfura, tàbí kí ó rọ́ lu ẹnì kejì rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Pólàǹdì pọ̀ nínú àwọn awakọ̀ ọ̀nà yìí, àwọn tí wọ́n ti pàdánù ìlú tiwọn, tí wọ́n wá ń fi ojú wá ìlú onílùú kiri.

Ohun mìíràn tún mú kí ọ̀nà náà le. Láti 1940 títí dé òpin 1942, Tógò àti Dàhòmì wà lábẹ́ ìjọba Vichy, tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó ti Gold Coast bọ̀ kò ní ilẹ̀ ọ̀rẹ́ tí ó lè bà sí títí tí yóò fi ré Sẹ̀mẹ̀ kọjá, ilẹ̀ Àgbádárìgì sì ni ilẹ̀ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò bá létí òkun. Mo máa ń rò ó pé àwọn awakọ̀ yẹn lè má mọ orúkọ ìlú náà, ṣùgbọ́n wọn kò ní ṣàì mọ ìrísí ọ̀sà rẹ̀. Ó lé ní 4,000 ọkọ̀ tí ó gba ọ̀nà Takoradi kọjá kí iṣẹ́ rẹ̀ tó rọlẹ̀ ní 1943.

Lẹ́yìn ogun, ọkọ̀ èrò gba ipò ọkọ̀ ogun. Ní 1946 a dá West African Airways Corporation sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní apá ìhín. Ní 1958 Nàìjíríà dá dúró pẹ̀lú tirẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí Nigeria Airways. Ìtàn ilé-iṣẹ́ náà gùn, kì í sì í ṣe òun ni mo jókòó tì.

Ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá 1969 ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ VC10 ti Nigeria Airways ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, ó ti yà ní Róòmù àti ní Kánò. Ó ku bí máìlì mẹ́jọ kí ó dé pápákọ̀ Ìkẹjà nígbà tí ó kọlu igi, ó já lulẹ̀, ó sì jóná. Ènìyàn 87 ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan kò yè. Àwọn tí ó wádìí ọ̀ràn náà kò rí ìdí kan pàtó dì mú, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí ni pé ó jọ pé àwọn awakọ̀ kò mọ bí wọ́n ti ga tó ní tòótọ́, wọ́n sì jẹ́ kí ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ jù nígbà tí wọn kò tíì rí ilẹ̀.

Kì í ṣe pé kò sí aago gíga nínú ọkọ̀ náà. Aago gíga wà nínú gbogbo ọkọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n aago yìí kò mọ ilẹ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ ni ó ń wọ̀n. Àpótí irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Bí a bá ti ń gòkè, afẹ́fẹ́ ìta ń fúyẹ́, àpótí náà ń wú, ó sì ń ti ọwọ́ aago. Afẹ́fẹ́ kì í wúwo bákan náà lójoojúmọ́, nítorí náà ẹni tí ó wà ní pápákọ̀ gbọdọ̀ sọ òǹkà ti ọjọ́ náà fún awakọ̀, kí awakọ̀ sì fi tún aago rẹ̀ ṣe. Bí ó bá fi òǹkà kan ṣoṣo ṣì í, aago yóò fi bí ẹsẹ̀ bàtà 30 tàn án. Bí ó bá fi mẹ́wàá ṣì í, bí 300 ni, kò sì sí ìrókò tí ó ga tó bẹ́ẹ̀. Èmi kò wí pé bí ó ti rí ní 1969 nìyí o. Ohun tí mo ń wí ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó ń fún ẹ̀rọ náà ní ìtumọ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a ń kọ́ èdè. Ẹ rántí bí àwọn olùkọ́ wa ti fi ẹgba kọ́ wa pé kí a má ṣe pe "three" ní "tree". Ìlànà àgbáyé fún àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò òfurufú sọ pé "tree" gan-an ni kí wọ́n máa pè é, "fife" ni kí wọ́n máa pe "five", "niner" ni kí wọ́n máa pe "nine", kí òǹkà kan má bàa dàbí òmíràn nínú ariwo. Ẹgba ti ọjọ́ wọnnì ti ṣòfò! Ìlànà náà tún wí pé ẹni tí a sọ òǹkà aago fún gbọdọ̀ tún un sọ padà, kí ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lè mọ̀ bóyá ó wọ̀ ọ́ létí. Àwọn àgbà a máa wí pé ojú mẹ́rin ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Nínú agbo ilé, òótọ́ ni. Nínú ọkọ̀ òfurufú, igba ojú léwu, nítorí kálukú lè rò pé ẹlòmíràn ń wò. Ìdí nìyí tí a fi ń pín iṣẹ́ báyìí: ẹnì kan ń wa ọkọ̀, ẹnì kejì ń wo aago, ó sì ń pe gíga náà sókè bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Mímọ bí a ti ga tó kò tó, bí a kò bá mọ ẹni tí ó wà nítòsí. Ọkọ̀ tí ó gba orí Àgbádárìgì wọlé láti ìwọ̀-oòrùn àti èyí tí ó gba orí Ẹ̀pẹ́ wọlé láti ìlà-oòrùn, pápákọ̀ Ìkẹjà kan náà ni wọ́n ń wá, ojú ọ̀run ibẹ̀ a sì máa há. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá 1996, Boeing 727 ti ilé-iṣẹ́ ADC ń bọ̀ láti Port Harcourt, ọkọ̀ mìíràn sì ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Awakọ̀ ADC yí ọkọ̀ rẹ̀ lójijì láti yà fún un. Ó yí i ju bí ọkọ̀ ti lè gbà lọ. Ọkọ̀ dojú dé, ó sì já lulẹ̀ nítòsí Ejìrín. Ó lé ní 140 ènìyàn tí ó kú. Ọkọ̀ méjèèjì kò fara kan ara wọn rárá. Ẹni tí a yà fún bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ wà fún irú èyí. TCAS ni wọ́n ń pè é, Amẹ́ríkà sì ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ èrò ńlá ní òpin 1993. Ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó wà nítòsí pé, níbo lo wà, báwo lo ti ga tó. Bí ó bá rí i pé wọn yóò pàdé, yóò sọ fún ọ̀kan pé kí ó gòkè, yóò sọ fún èkejì pé kí ó sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo jàǹbá ní ilẹ̀ wa, a máa ń gbọ́ igbe pé kí ìjọba ra ẹ̀rọ. Kò burú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 1 oṣù Keje 2002, ọkọ̀ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní TCAS rọ́ lu ara wọn lórí Überlingen ní Jámánì, ènìyàn 71 sì kú. Ẹ̀rọ sọ fún ọ̀kan pé kí ó gòkè. Adarí tí ó wà nílẹ̀ sọ fún un pé kí ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gbọ́ ti ènìyàn. Ọkọ̀ kejì gbọ́ ti ẹ̀rọ, òun náà sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí ó ṣẹ́kù láti pinnu kì í ṣe ti ẹ̀rọ mọ́: nígbà tí ẹnu méjì bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èwo ni a ó gbọ́? Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni a wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kedere nínú ìlànà àgbáyé pé ti ẹ̀rọ ni kí awakọ̀ tẹ̀lé.

Ohun kan sì wà tí aago iwájú awakọ̀ kò sọ ní Kútọnu, ní etíkun kan náà pẹ̀lú Àgbádárìgì, ní ọjọ́ Kérésìmesì 2003. Boeing 727 kan fẹ́ gbéra lọ sí Beirut. Ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù, ó sì wà síwájú jù, àwọn awakọ̀ kò sì mọ ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Ọkọ̀ náà kò lè gòkè. Ó kọlu ilé kékeré tí ó wà ní òpin pápá, ó sì bọ́ sí etí òkun. Ó lé ní 130 ènìyàn tí ó kú. Ìwọ̀n ẹrù, orí ilẹ̀ ni a ti ń wọ̀n ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó.

Títí di ìsinsìnyí, ọkọ̀ ńlá ni mo ń sọ. Àwọn kan wà tí wọn kò ní ọkọ̀ rárá. Aṣọ ni wọ́n fi ń fò. Aṣọ títẹ́ gígùn ni, ó dàbí páráṣúùtì, a fi okùn wẹ́wẹ́ púpọ̀ so ó mọ́ àga tí ènìyàn jókòó sí. Paraglider ni wọ́n ń pè é. Láti 2005 ni Gánà ti bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún rẹ̀ ní àkókò Àjíǹde, lórí òkè Odweanoma ní Kwahu. Orí òkè ni wọ́n ti ń sáré jáde, pápá ní Nkawkaw nísàlẹ̀ ni wọ́n ń bà sí, aláṣọ púpọ̀ sì lè wà lójú ọ̀run kan náà lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí ó wú mi lórí nínú àṣà àwọn elérè yìí ni pé wọ́n ti fi ìwà ṣe ohun tí ọkọ̀ ńlá ń fi owó ńlá rà. Kí wọ́n tó sáré, wọ́n a fọwọ́ kan gbogbo bẹ́líìtì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá ti itan, nítorí ẹni tí ó gbàgbé ti itan lè yọ́ bọ́ láti inú àga nígbà tí ilẹ̀ ti jìnnà. Bí méjì bá dojú kọ ara wọn, kálukú yóò yà sí ọ̀tún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fò lẹ́bàá òkè, ẹni tí òkè wà ní ọ̀tún rẹ̀ kò ní ibi tí yóò yà sí, èkejì ni ó gbọdọ̀ yà. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ibi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ń gòkè ni ó ń yan apá tí gbogbo wọn yóò máa yí sí. Ẹni òkè sì gbọdọ̀ ṣọ́ ẹni ìsàlẹ̀, nítorí aṣọ ẹni ìsàlẹ̀ ti bo ojú rẹ̀, kò lè rí ohun tó wà lókè.

Ẹ̀rọ wọn kékeré ni. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni vario. Afẹ́fẹ́ ni òun náà ń wọ̀n bí aago gíga, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀: bí a bá ń gòkè, yóò máa ké pí-pí-pí, bí a bá ń gòkè kíákíá, igbe rẹ̀ yóò yá, bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, yóò máa kùn. Ẹni tí ó bá ṣe é mọ ohun tí àwọn Hurricane ti 1940 kò ní. Ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ojú, ó gbé e fún etí, kí ojú lè ráyè wo ẹlòmíràn.

Ní Àgbádárìgì, iyanrìn tẹ́jú, kò sí òkè tí a lè sáré kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi aṣọ fò níbẹ̀ yóò gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ẹ̀yìn, irú èyí sì wà lọ́jà. Ẹ́ńjìnnì náà yóò máa pariwo lẹ́yìn rẹ̀ débi pé kò ní gbọ́ vario dáadáa mọ́, iṣẹ́ tí etí ti gbà yóò sì padà sọ́dọ̀ ojú. Òkun wà ní apá kan rẹ̀, ọ̀sà wà ní apá kejì, ọ̀nà Kútọnu, Lómẹ́ àti Àkárà sì wà lókè orí rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí omi, bẹ́líìtì tí ó fi so ara rẹ̀ mọ́ àga yóò fà á lọ sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà gíga rẹ̀ ni yóò sọ bí ó ti lè jìnnà sí iyanrìn tó: ẹni tí ó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000 lè rìn tó bí 7,000 síwájú láìsí ẹ́ńjìnnì bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í sábà dákẹ́. Láti ojú òkun ni ó ti ń fẹ́, ẹni tí ó bá sì wà lórí ọ̀sà, tí ó ń padà bọ̀ sí etí òkun, yóò dojú kọ ọ́.